Awò Ìbọn Màámi

Inú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ta ìwọ̀ ìpẹja níbẹ̀, wọ́n ń ta bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ oko àti oríṣiríṣi nǹkan tí ọdẹ àti apẹja máa ń lò. Èmi àti Màámi la kọ́kọ́ wọlé. Àbúrò mi ọkùnrin dúró síta, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ fún un pé awò ìbọn la wá rà, ìyẹn awò tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí ìbọn kí ohun tó wà lókèèrè lè súnmọ́ ojú ẹni tó fẹ́ yìn ín.

Ọkùnrin náà wo Màámi láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn wa bí ẹni pé èèyàn ṣì kù tó ń bọ̀.

"Níbo ni Bàbá wà?"

"Bàbá ti kú," Màámi dá a lóhùn. "Èmi ni mo ni ìbọn."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà o, irú ẹ̀rín tí àgbàlagbà máa ń rín sí ọmọ kékeré tó bá ní òun fẹ́ wa mọ́tò ni. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí a jókòó ná. Ẹ jókòó ná! Bí ẹni pé ilé rẹ̀ la wá kí i. Láti ìgbà yẹn ni ara mi ti ń gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìbọn ṣe dé ọwọ́ Màámi. Ìbọn kékeré ni, èyí tí kì í lo ẹ̀tù. Sípíríìngì ló wà nínú rẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀, sípíríìngì á fún pọ̀, tó bá sì yìn ín, afẹ́fẹ́ á ti ọta tíńtín jáde. Bàbá mi ló rà á nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn méjèèjì kó kúrò ní Ìkòròdú, tí wọ́n padà sí abúlé wọn lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ láti lọ dáko. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ á hú àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, á jẹ èyí tó ti gbó lórí ìdúró, á tún gun ọ̀pẹ lọ bá ẹyìn. Bàbá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, kò mọ ìbọn yìn rárá. Wọ́n á yìn ín títí, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò máa lu. Ọjọ́ kan ni Màámi gba ìbọn náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n yìn ín, ọ̀kẹ́rẹ́ já bọ́. Láti ọjọ́ náà, Màámi ló ń yìnbọn, Bàbá á kàn máa tọ́ka. Nígbà tí Bàbá sì kú, Màámi fúnra wọn ló wọ mọ́tò lọ gba ìwé àṣẹ ìbọn náà sí orúkọ ara wọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá àwọn ṣàlàyé lẹ́yìnwá ọ̀la pé àwọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ohun tó wá gbé wa dé ṣọ́ọ̀bù ni ojú. Awọ funfun kan bo ojú ọ̀tún Màámi, èyí tí wọ́n fi ń yìnbọn gan-an. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó yọ awọ náà, ó fi dígí tíńtín sínú ẹyinjú. Iṣẹ́ abẹ náà dára, a dúpẹ́. Màámi ń rí ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ọ̀pẹ kedere. Àmọ́ ohun tó bá wà nítòsí ni kì í hàn dáadáa mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ka Kùránì, wọ́n á wọ awò ojú, ìyẹn ò ṣòro. Ti ìbọn ló ṣòro. Irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn, tí wọ́n fi ń fojú sun nǹkan, ti di bàìbàì. Tí wọ́n bá wọ awò ojú, irin á hàn, ọ̀kẹ́rẹ́ á pòórá. Tí wọ́n bá bọ́ ọ, ọ̀kẹ́rẹ́ á hàn, irin á pòórá. Dókítà náà ló dá a lábàá pé kí a wá awò orí ìbọn, torí pé nínú awò bẹ́ẹ̀, ìlà tí èèyàn fi ń fojú sun nǹkan àti nǹkan náà á jókòó sójú kan náà. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún aláìsàn pé kó ra oògùn.

Àbúrò mi parí ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀, ó wọlé. Ẹ wá wo ojú ọkùnrin yẹn! Ó dìde.

"Ọ̀gá mi, ẹ káàbọ̀ sà! Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ awò?"

Àbúrò mi tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀. Inú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ti ń ṣiṣẹ́, tó bá rí aláǹgbá nílé, ìyàwó rẹ̀ ló ń pè. Òun ni ọkùnrin yìí ń kó awò síwájú rẹ̀. Ó mú èyí tó gùn jù wá, ó dúdú, ó gùn tó apá ọmọdé, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewéko wà nínú rẹ̀.

"Èyí ni àwọn sójà ń lò, ọ̀gá. Ẹ lè fi rí èèyàn láti ibí dé òdìkejì ọ̀sà."

"Ṣé ó wà fún irú ìbọn tiwa?" Èmi ni mo bi í. "Ìbọn onísípíríìngì ni."

Ojú àbúrò mi ló ń wò nígbà tó dáhùn. "Gbogbo ìbọn ló ń gbé e, ọ̀gá. Kò sí ìbọn náà lórí ilẹ̀ tí kò lè gbé e."

Màámi na ọwọ́, wọ́n gbà á, wọ́n sì fi wo ìta. "Ó ṣókùnkùn," wọ́n ní.

"Màmá, ẹ rọra o, ó wúwo. Ó máa mọ́ yín lára."

"Mo ní ó ṣókùnkùn. N kò ní ó wúwo."

Àmọ́ àbúrò mi ti gbà á, ó ti ń tan iná inú rẹ̀, ó ń pa á. "Àǹtí mi, èyí gan-an ni," ó ní. "Èyí le." Ẹnu mi ni mo ní kí n là, kí n ní ká lọ síbòmíràn. Àmọ́ ooru mú, Màámi ti dúró pẹ́, mo sì ronú pé bóyá ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ìwà rẹ̀ ò tilẹ̀ dára. Owó awò náà ju ohun tí mo fẹ́ ná lọ. Mo san án. Èmi ni mo sanwó, ọkùnrin náà gbé kátọ́ọ̀nù lé àbúrò mi lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A gbé e gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ náà. Àbúrò mi ló dè é mọ́ ìbọn, ó ń ka ìwé kékeré tó wà nínú kátọ́ọ̀nù sókè bí ìwàásù. Ìbọn náà wá rí bí ẹran tí wọ́n gbé ẹrù tó jù ú lọ lé lẹ́yìn. Màámi fi agolo mílíìkì sórí kùkùté, wọ́n fojú sùn ún, wọ́n yìn ín. Ọta gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ. Àbúrò mi yí bọ́tìnnì kan. Ọta gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó yí òmíràn. A ṣe é títí oòrùn fi mú wa wọlé. Ó ní ó kù díẹ̀, pé yóò jókòó fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, Màámi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà ní èbúté Ìpakòdò, tí mo ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí Èkó.

"Awò yín ti ń rìn," wọ́n ní.

"Ó ń rìn bíi báwo, Màámi?"

"Ó ń rìn. Mo bá a nídìí ibi tí ẹ dè é sí, ìgbà tí mo yìnbọn tán, ó ti sún dé ojú mi. Díẹ̀ ló kù kó gbá mi lójú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe."

Ojú yẹn! Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí mo fi máa délé wọn, ìlà kan nínú rẹ̀ ti já, nǹkan kan sì ń dún nínú rẹ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ẹ̀pà inú agolo. Mo gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mo tètè ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ọkùnrin náà mì ín létí. "Wọ́n jù ú sílẹ̀ ni."

"Ẹnikẹ́ni ò jù ú sílẹ̀."

"Màdáámù, ẹ má bínú o. Ìyá arúgbó, ìbọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìbọn kì í ṣe ohun tí obìnrin fi ń ṣeré. Ẹ ní kí ọ̀gá yẹn wá rí mi, èmi àti ẹ̀ á jọ sọ̀rọ̀."

"Ọ̀gá wo?"

"Ọ̀gá tó rà á."

Mi ò mọ ìgbà tí ohùn mi gòkè. Mo ní, "Èmi ni mo rà á! Èmi ni mo ka owó sí ọ lọ́wọ́! Èmi ni mo sọ fún ọ pé ìbọn onísípíríìngì ni, o ò wo ojú mi! Ìyá mi sọ fún ọ pé ó ṣókùnkùn, o ní ó wúwo! Ọmọkùnrin tó ò ń pè ní ọ̀gá yẹn, èmi ni mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn!" Àwọn èèyàn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kan tó wá ra ìwọ̀ wá fà mí láṣọ jẹ́jẹ́. "Màdáámù, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ ṣe sùúrù nítorí Ọlọ́run." Èmi ni wọ́n ń bẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó yíjú sí ọkùnrin yẹn kó sọ fún un pé kó ṣe ohun tó tọ́. Òun náà ti jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá jà níta. Kò dá owó padà, kò pààrọ̀ awò. Mo gbé e, mo jáde, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé àbúrò mi wá kí mi nílé, ní ẹ́sítéètì wa. Mo ṣàlàyé fún un. Mo rò pé yóò bínú. Ó jẹ ẹran orí ìrẹsì rẹ̀ tán, ó nu ẹnu.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ta ìbọn náà. Ká ra pàkúté fún wọn, ó tán. Kí ni Màámi tilẹ̀ ń fi ìbọn ṣe lọ́jọ́ orí wọn?"

"Ohun tí wọ́n ti ń fi í ṣe látọjọ́ yìí ni. Ìwọ lo ní ká ra èyí tó gùn jù."

"Èmi ò kúkú mọ̀ nípa ẹ̀."

"O ò mọ̀, o sì lanu! Kí ló dé tí o ò sọ fún ọkùnrin yẹn pé Màámi ni kó bá sọ̀rọ̀?"

Ó ní mo ti ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Mo tẹ nọ́ńbà Màámi, mo gbé fóònù sáàárín wa, mo ní kó sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, ó wá ní àwọn ń rò ó bóyá kí wọ́n sinmi, kí àwọn bá wọn ta ìbọn.

"Ìbọn ta ni?" Màámi bi í.

"Ìbọn yín, Màámi."

"Ó dára tí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ títa parí síbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí wá awò tó dáa. Láàárọ̀, tí àwọn yòókù bá ń sùn lé ara wọn lórí, èmi á máa kàwé lórí fóònù. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àdììtú. Ìbọn ẹlẹ́tù a máa ta ìdí sẹ́yìn nìkan. Ìbọn onísípíríìngì a máa ta sẹ́yìn, á tún ta síwájú, ìyẹn ló sì ń fọ́ awò tí kò bá jẹ́ tirẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Awò tí wọ́n ṣe fún ohun tó jìnnà réré náà kì í fi ohun tó wà nítòsí hàn dáadáa, ọ̀pẹ oko Màámi ò sì jìnnà. Ẹni tó ń ta awò jẹun ni kò mọ èyí! Tàbí ó mọ̀, kò kà wá kún ẹni tí èèyàn ń ṣàlàyé fún. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń tà á lórí fóònù. Ẹnìkan fi àwòrán sójà ránṣẹ́ sí mi. Ẹnìkan ní, "Ẹ ní kí ọkọ yín pè mí." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sínú ọ̀sà. Ẹnìkan ló dá mi lóhùn bí èèyàn. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, kò jìnnà sí ọ́fíìsì mi. Ìbéèrè ló fi dáhùn: Irú ìbọn wo ni? Báwo ni ohun tí wọ́n ń yìn ṣe jìnnà sí wọn tó? Ṣé ẹni tó máa lò ó ń wọ awò ojú? Mo kọ ọ́ fún un pé ìyá mi ni, mo kọ ti iṣẹ́ abẹ ojú, mo wá ń dúró de ẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ mú wọn wá. Ojú wọn ló máa lò ó, ojú wọn ni kó yàn án."

Màámi wá sùn lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú, a jọ wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀. Ọkùnrin yìí gbé àga fún wọn sí ibi tí wọ́n ti lè rí òpópónà, ó kó awò sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n máa wo pátákó tó wà lódìkejì. Ó dúró. Kò sọ pé èwo ló dáa. Màámi fi gbogbo ọwọ́ mú iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé ọ̀kan tó lówó lórí, wọ́n wò ó, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. "Èyí ń fẹ́ kí n máa wá ibi tí ojú mi máa wà kiri. Tí mo bá mi orí díẹ̀, ó di dúdú." Wọ́n gbé òmíràn. "Ìlà inú èyí tẹ́ẹ́rẹ́ jù, mi ò ní rí i nínú ewé." Èyí tí wọ́n wá mú kúrú, kò ní iná, kò ní bọ́tìnnì tí a ń yí kí nǹkan tún tóbi sí i. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Mo rí i," wọ́n ní. "Mo rí ìṣó tí wọ́n fi kan pátákó yẹn."

"Kò wọ́n, Màmá," ọkùnrin náà sọ fún wọn. "Àmọ́ fún ìbọn onísípíríìngì ni wọ́n ṣe é. Mo máa fún yín ní irin kan tí yóò dá a dúró lẹ́yìn, kò ní sún wá sójú yín."

Kò wọ́n lóòótọ́. Ó dín púpọ̀ sí owó èyí tó fọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, inú mi sì dùn, àmọ́ bí mo ṣe ń sanwó ni ìbínú kan tún ń ru nínú mi. Ohun tó ya ọkùnrin yìí sọ́tọ̀ kò ju kó bèèrè, kó sì dúró gbọ́ èsì.

Màámi dè é mọ́ ìbọn fúnra wọn ní abúlé, wọ́n fi àmì èédú sára pákó, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀, títí ọta fi ń gba inú èédú. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé ìbọn wọlé, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá.

Nígbà Iléyá, gbogbo wa wà ní abúlé. Àlejò pọ̀ lábẹ́ ìbòòji iwájú ilé. Mo gbé àwo ẹran jáde láti ibi ìdáná, mo wá gbọ́ ohùn àbúrò mi tó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá mi. "Ojú wọn yẹn, mo ní rárá, wọn ò ní torí ẹ̀ pa ìbọn tì. Mo wá awò kan fún wọn, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí." Àwọn bàbá ń gbàdúrà fún un. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tiwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé àwo kalẹ̀ tagbáratagbára débi pé ọbẹ̀ ta sí mi láṣọ. "Ìwọ lo wá a?" mo ní. "Ìwọ tó fẹ́ ta ìbọn?"

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà, ṣebí gbogbo wa ni."

Àwọn bàbá tún ti ń sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, pé ọjọ́ ọdún ni. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ni ó fẹ́ jáde. Màámi tó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Àǹtí ẹ ló ra èyí tí mò ń lò," wọ́n ní. "Tìrẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ń dún. Ṣé kí n lọ gbé e wá fún àwọn bàbá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́fẹ̀. Mo dárí jì í torí pé Màámi ń wò wá. Kò tíì tán nínú mi pátápátá títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa kí n tó bá wọn dé oko. Wọ́n jókòó sórí igi tó wó, ìdí ìbọn wà léjìká wọn, ọ̀kẹ́rẹ́ kan sì wà lórí ọ̀pẹ, ó jókòó gedegbe, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹyìn. Mo dúró, mo di etí mi. Mo ń retí ìbọn, kò dún. Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹyìn rẹ̀ tán, ó nu ojú, ó fò sórí ọ̀pẹ mìíràn, ó lọ.

"Màámi! Ẹ ò yìn ín!"

Wọ́n sọ ìbọn kalẹ̀ lórí itan wọn. Omi wà lójú wọn, ojú ọ̀tún yẹn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn.

"Mo ń wò ó ni," wọ́n ní. "Ó ní irun funfun lábẹ́ àgbọ̀n. Látọjọ́ tí mo ti ń pa wọ́n, mi ò rí i rí."

Inú tún bí mi. Gbogbo wàhálà yìí, gbogbo ariwo tí mo pa ní Gáréèjì, àti gbogbo ìwé tí mo kà lórí omi! Mo ní kí n sọ ọ́. Àmọ́ wọ́n ti sún fún mi lórí igi náà, wọ́n gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n wá fi awò wo ọ̀kẹ́rẹ́ mìíràn tó ń bọ̀ láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.